Ájẹ́ńtì Kọ́ Ló Nilẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń ra ilẹ̀ tàbí ilé, àti bí èèyàn ṣe ń tà á, nígbà tí ájẹ́ńtì bá wà láàrin. Wọn ò ṣèèṣì gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Tẹ́lẹ̀ rí, tí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ mi, ọjà ló fẹ́ fi rà, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ ló fẹ́ san. Báyìí, tí mo bá gba fọ́ọ̀mù mẹ́wàá, mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, ilẹ̀ ni. Inú mi dùn sí i gidigidi. Obìnrin tó ti ń san owó ilé fún onílé láti ogún ọdún sẹ́yìn, tó wá ní òun fẹ́ ní ilẹ̀ tòun, ta ni kò ní bá a yọ̀?

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ ti ṣòfin pé ẹgbẹ́ ò ní yọ owó ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ìwádìí lórí ilẹ̀ náà yóò fi jáde, àti pé owó náà kò ní gba ọwọ́ ájẹ́ńtì kọjá, ẹ̀ ń kùn. Ẹ rò pé mi ò gbọ́ ni? Mo gbọ́. Wọ́n ní Akọ̀wé ti le jù. Wọ́n ní Akọ̀wé ti kọ́lé tirẹ̀, kò fẹ́ kí ẹlòmíì kọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ dúró létí ìsọ̀ mi, ó ní, "Owó wa ni, kì í ṣe owó rẹ̀." Òótọ́ ni, owó yín ni. Ìdí tí mo fi le nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ara mi lónìí, níwájú àwọn ọkọ àti ọmọ yín, torí àwọn náà wà lára àwọn tó ń rán yín sí mi.

Kò sí ẹni tó yẹ kó mọ ájẹ́ńtì ju àwa ará ọjà lọ. Alágbàtà ni, iṣẹ́ tiwa ló ń ṣe. Ẹ wo Mile 12. Tí ọkọ̀ tòmátì bá dé láti òkè Ọya, ẹni tó gbin tòmátì kọ́ lẹ ó bá níbẹ̀. Alágbàtà ló máa dúró síwájú yín. Òun ló mọ ẹni tó kó o wá, òun ló ń dá iye lé e, tí ọjà bá sì tà, wọ́n á fún un ní làádà tirẹ̀. A kì í bínú sí i. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò ní mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì láì wo ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ẹni tó ń ra gààrì, ṣé ojú àpò ló ń wò? Á ki ọwọ́ bọ inú àpò dé ìsàlẹ̀, á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, á jù ú sẹ́nu, á ní èyí kan, èyí ò kan, èyí ti rin. Ẹni tó ń ra aṣọ á fà á, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á gbé e lọ síta kó lè fi ojú oòrùn wo àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá wá di ilẹ̀ tó máa gba gbogbo ohun tí a fi ọdún mẹ́wàá kó jọ, a ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ájẹ́ńtì, wọ́n á fún wa ní mínírà, a ó débẹ̀, a ó wo koríko. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, láti ibi igi yẹn ni, títí dé ibi pílà yẹn." A ó ní ó dára. A ó sì sanwó.

Kí ló gba ọgbọ́n wa lọ́wọ́ wa? Mo ti rò ó títí, mo rò pé ọ̀rọ̀ "ó máa tán" ni. "Mọ́mì, ẹnì kan ti fẹ́ san án, ọ̀la ló ń bọ̀." "Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, owó rẹ̀ máa gbé sókè." Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àwa náà ń sọ ọ́ fún oníbàárà wa lójoojúmọ́: "Èyí tó kù nìyí o, màmá, tí ẹ bá lọ tí ẹ padà, ẹ ò ní bá a." A mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni ilẹ̀ yẹn á ṣì wà níbẹ̀, bí ọjà tiwa náà ṣe máa ń wà níbẹ̀.

Ájẹ́ńtì oríṣiríṣi ló wà. Àwọn kan kàwé fún iṣẹ́ náà, estate surveyor ni wọ́n ń pè wọ́n. Òfin ti wà fún wọn láti 1975, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, èèyàn sì lè yẹ ìwé-ẹ̀rí wọn wò. Àwọn kan kàn kọ pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn kan ò ní ṣọ́ọ̀bù rárá, fóònù ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà mìíràn, ọmọ onílẹ̀ fúnra rẹ̀ á pe ara rẹ̀ ní ájẹ́ńtì. Ní ìpínlẹ̀ Èkó tiwa níbí, ìjọba ní àjọ kan tó ń bójú tó wọn, LASRERA lorúkọ rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń ṣe ájẹ́ńtì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Tó bá bínú pé ẹ béèrè, ẹ ti gba èsì yín nìyẹn.

Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn o. Àwọn ọmọ wa wà nínú wọn, mo sì mọ èyí tó rìn títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí oníbàárà rẹ̀ tó rí ilé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé bó ti wù kí ájẹ́ńtì jẹ́ olóòótọ́ tó, kò lè fún yín ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ẹ̀yin àti onílẹ̀ pàdé. Kò lè fọwọ́ síwèé bí onílẹ̀, àfi tí onílẹ̀ bá ti fún un ní ìwé àṣẹ tí lọ́yà kọ, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ rí ìwé àṣẹ náà pẹ̀lú ẹni tó fún un. Rìsíìtì ájẹ́ńtì ò sọ yín di onílẹ̀. Tí ẹ bá dé kọ́tù, "mo sanwó fún ájẹ́ńtì" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "mo ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín".

Ẹ sì máa rántí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń tà ni. Bí iye ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni làádà tirẹ̀ náà ń ga. Ẹ̀yin ń pè é ní ọmọ mi, òun ń pè yín ní mọ́mì, ṣùgbọ́n ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá ló ń wò. Ní ti làádà náà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń dá fún ilẹ̀ tàbí ilé tí a tà, ìdá mẹ́wàá fún ilé tí a yá gbé. Àwọn mìíràn á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, wọ́n á tún gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má sì wọlé sí i lọ́wọ́ títí onílẹ̀ gan-an á fi fọwọ́ síwèé.

Mo rí i pé àwọn kan rò pé tí mo bá ní kí wọ́n lọ ṣe ìwádìí, ṣe ni kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò ibẹ̀. Èyí náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń sọ.

Ní 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà rẹ̀. Àwọn ẹbí tó ní ilẹ̀ kí òfin náà tó dé ṣì ń lò ó, wọ́n ṣì ń tà á. Ṣùgbọ́n ìjọba lè ti mú apá kan nínú rẹ̀ fún ohun tó fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ iwájú, kí ẹ má sì rí pátákó kankan níbẹ̀. Koríko ilẹ̀ ìjọba àti koríko ilẹ̀ ẹbí, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n.

Ìwé sọ́fè ló ń fi í hàn. Ẹ ó rí àwọn nọ́ńbà kan lórí rẹ̀ tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ náà wà gan-an. Awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní sọ́fíyọ̀, á mú nọ́ńbà yẹn lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá. Wọ́n á gbé e lé orí àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba ní lọ́wọ́, wọ́n á sì sọ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti mú tàbí kò bọ́ sí i. Tí ẹni tó ń tà bá ní C of O, ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni lọ́yà máa lọ. Nọ́ńbà, ojú ewé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ ìwé náà sí wà lára rẹ̀. Lọ́yà á wo orúkọ tó wà níbẹ̀ bóyá ó bá ti ẹni tó ń tà mu, á sì wò ó bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà dúró fún gbèsè báńkì. Ilẹ̀ tó bá wà ní Mówé, Ìbàfò tàbí Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ín, Abẹ́òkúta ni ìwádìí tirẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ sílé ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ ìjọba Ọ̀yọ́ ní Agodi ni. Mo sọ èyí torí ẹnì kan mú ìwé "Aláùsá" wá fún mi lórí ilẹ̀ tó wà ní Mówé. Mo wo ìwé náà, mo wo ojú rẹ̀, mo fún un lómi mu.

Ọ̀rọ̀ gàsẹ́ẹ̀tì náà nìyí. Nígbà mìíràn, ìjọba á dá lára ilẹ̀ tó ti mú padà fún àwọn ará abúlé, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìjọba. Ájẹ́ńtì á mú fótókọ́pì rẹ̀ dání, ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ya, á ní, "Mọ́mì, ilẹ̀ wa ní gàsẹ́ẹ̀tì." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ abúlé náà ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n kan ni wọ́n dá padà, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, èyí tí ẹ fẹ́ rà sì lè wà ní òdìkejì ọ̀nà. Nọ́ńbà sọ́fè yẹn náà ló máa sọ ọ́. Gàsẹ́ẹ̀tì láìsí nọ́ńbà, bébà lásán ni.

Ọ̀kan nínú wa wà níbí tó ní kí n sọ ìtàn òun, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Kí òfin wa yìí tó wáyé, ó ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì lọ́nà Ìkòròdú. Ájẹ́ńtì mú un lọ síbẹ̀, ọkùnrin méjì tó ní ọmọ ẹbí làwọn fi ilẹ̀ hàn án, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Àkáǹtì ájẹ́ńtì ló sanwó sí. Ó kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Lóṣù kẹrin, olórí ẹbí ránṣẹ́ sí i pé ta ló tà á fún un. Ó mú rìsíìtì jáde. Wọ́n ní àwọn méjèèjì, ọmọ àwọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ó pe ájẹ́ńtì títí, fóònù ò lọ mọ́. Bó ṣe tún ilẹ̀ náà rà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, pẹ̀lú owó tó fẹ́ fi kó ọjà ọdún. Kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ kan láì san, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́dún náà. Bẹ́ǹṣì àti ìbòjú ìsọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan sì dúró nílé fún odindi ọdún kan kó tó padà sí ilé-ìwé gíga.

Ohun tó dùn mí ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti 1959 ni Federal Supreme Court ti là á mọ́lẹ̀: bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà ò wáyé rárá, òfo ni. Bí olórí ẹbí náà bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí tọ́rọ̀ kàn fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sí kọ́tù kí wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kì í ṣe ẹnì kan lẹ ó bá ṣe é. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn tó dúró fún ojúlé kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ojúlé mélòó ni? Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ájẹ́ńtì. Ẹ lọ sí agbo ilé náà lọ́jọ́ tí kò sí níbẹ̀, ẹ mú obì dání, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà. Ìyá àgbà ilé mọ ọmọ tí ìyàwó kìn-ín-ní bí, ó mọ ti ìyàwó kejì, ó sì mọ èyí tí wọ́n ń jà lé lórí láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo mọ̀, ìyẹn ló rọ̀ jù lówó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ìjọba ti ṣòfin ọmọ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní 2016 ni Èkó ṣe é. Ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ta ilẹ̀ tí kò láṣẹ láti tà, ẹ̀wọ̀n wà fún un níbẹ̀. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tún padà sórí ìwé tí ẹ gbà lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń sanwó, kí owó lọ sí àkáǹtì ẹni tó ń tà, ní orúkọ tó wà lórí ìwé. Owó ọwọ́ ò dára. Yàtọ̀ sí ti olè, òfin 2022 lórí owó àìmọ́ ò gbà kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ lówó ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ẹlẹ́rìí tiyín dání, kí ó má jẹ́ ọmọkùnrin tó ń wa mọ́tò ájẹ́ńtì. Kí wọ́n mú yín dé orí ilẹ̀ náà níṣojú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n fà á lé yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn rìsíìtì, kí lọ́yà yín, kì í ṣe lọ́yà wọn, kọ díìdì.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò kàwé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ẹ kàn tẹ̀ka síbí". Òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kà á fún yín, kó túmọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ẹ gbọ́, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Tí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé ìka yín kúrò. Ọmọ tí ẹ fi owó gààrì rán níléèwé, ìwúlò rẹ̀ dé báyìí, ẹ mú un dání.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù yìí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí àwọn ọkọ wa wà níbí. Ájẹ́ńtì á béèrè pé, "Orúkọ ta ni ká kọ?" Obìnrin á ní, "Ẹ kọ orúkọ bàbá àwọn ọmọ." Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ní 1957, kọ́tù tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ló ń jogún. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní kọ́tù, òfin mìíràn ló wà fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, mélòó nínú wa ló ṣe é? Tí ẹ bá fi owó ẹgbẹ́ ra ilẹ̀, tí ẹ fi ọdún mẹ́ta san án, tí rìsíìtì jẹ́ orúkọ bàbá nìkan, lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, ilé bàbá ni wọ́n máa pè é. Wọ́n á pín in ní ìdí-igi, tàbí kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ọmọ tiyín á gba tirẹ̀, ọmọ ìyá kejì á gba tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sanwó á sì máa wojú ọmọ. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má bínú. Kò sí ohun tó burú nínú kí orúkọ méjèèjì wà lórí ìwé, tí ẹni méjì bá jọ san án. Tó bá sì jẹ́ obìnrin nìkan ló san án, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ yín, ẹ ṣeun.

Títà ò pẹ́ rárá láti sọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìpín nínú ilé bàbá wa, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kankan sọ pé ẹ ti lọ ilé ọkọ. Tí ẹbí bá fẹ́ tà á, ẹ jókòó papọ̀, ẹ dá iye tí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù, ẹ kọ ọ́, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kí ájẹ́ńtì tó mọ̀ rárá. Fótókọ́pì ni kí ẹ fún un, ìwé gidi ò gbọdọ̀ kúrò nílé. Ẹ má sì gbà fún ájẹ́ńtì tó ní, "Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ gbà, ohun tó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ tèmi." Mo mọ ẹbí kan tó gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pàdé ẹni tó ra ilé ni wọ́n mọ̀ pé ohun tí ájẹ́ńtì dá lé e lórí ju ìpín ọmọ kan nínú wọn lọ. Kò jalè. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ló gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á wá sí iwájú yín, kí ẹ gbọ́ iye lẹ́nu rẹ̀, làádà ájẹ́ńtì á sì wà nílẹ̀ bí ẹ ṣe ṣàdéhùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti bá sọ́fíyọ̀ kan àti lọ́yà kan sọ̀rọ̀, iye kan náà ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ lo tirẹ̀ lè lò ó, kí ó sáà má jẹ́ èyí tí ájẹ́ńtì mú wá. Tí owó ìwádìí ò bá sí lọ́wọ́, ẹgbẹ́ á san án, a ó sì kà á mọ́ ẹ̀yáwó náà. Tí ìwádìí bá fi hàn pé ilẹ̀ náà ò dára, ẹ ó san owó ìwádìí nìkan padà, nọ́ńbà yín lórí ìlà ẹ̀yáwó ò sì ní yẹ̀, ibi tí ẹ wà náà lẹ ó wà.

Fọ́ọ̀mù ilẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìwádìí ọ̀kan ti dé, ó mọ́, ọjọ́rú tó ń bọ̀ la ó san án fún onílẹ̀. Ìkejì ṣì wà ní Abẹ́òkúta. Ìyá tó ni ìkẹta, tí ájẹ́ńtì rẹ̀ ní ilẹ̀ náà máa tán lọ́jọ́ Sátidé, mo rí yín níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Ẹ wá bá mi ní ìsọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ mú ìwé sọ́fè dání. Kí ẹ tètè dé, kí èrò ọjà tó pọ̀.